Ẹlẹ́ran tí àtàǹpàkò gbé dé wọ́ọ̀dù ọkàn: uric acid àti ọkàn tó ti rẹ̀

Ọkùnrin ẹni ọdún 61 ni, ẹlẹ́ran màlúù ní ìhà Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ará ọjà má baà fi ìka tọ́ka sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe é àti ohun tí a ṣe sí i kò yí. Iṣẹ́ apoògùn ni mò ń ṣe, nídìí oògùn ni mo sì ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Dókítà ọkàn lè gba ọ̀nà mìíràn rò ó.

Ọdún kẹta rèé tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe wàhálà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èyí tó ń lo oògùn rẹ̀ lónìí, tí kò lò ó lọ́la, títí ọkàn fi fẹ̀, tó sì rọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe echo, àyẹ̀wò àwòrán ọkàn, fún un, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá òsì ni ọkàn ń rí tì jáde nígbàkígbà tó bá lù. Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ le kì í sábà wálẹ̀ ju 50 lọ.

Irú rẹ̀ ló pọ̀ jù níbí. Nígbà tí Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ àwọn tí àìsàn ọkàn gbé wọlé sí Federal Medical Centre ní Ìdí-Abà jọ, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014, ènìyàn 452 ni wọ́n kà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ti 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣan ọkàn tó dí, èyí tó gba iwájú lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa wúlò tí a bá dé orí aspirin.

Bàbá, bí gbogbo wọ́ọ̀dù ṣe ń pè é nìyẹn, ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Furosemide, spironolactone, lisinopril, carvedilol àti aspirin kékeré ni dókítà kọ fún un. Ó ti padà sí ìsọ̀, àga ló ń jókòó sí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń gé ẹran. Ìwọ̀n rẹ̀ dúró sí 71 kílò. Ikọ́ gbígbẹ kan ń yọ ọ́ lẹ́nu lóru, kò kà á sí. Kò sì sẹ́ni tó yẹ uric acid rẹ̀ wò rí, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó lè dì sínú oríkèé.

Ohun tó bà á lójijì kì í ṣe ọkàn. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ó sùn ire, ìrora jí i lóru, ìrora tí kò jẹ́ kí aṣọ ìbora kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oríkèé náà ti wú, ó ń dán, ó gbóná. Ilé kún fún ìmọ̀ràn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ó ti tẹ nǹkan, kí wọ́n tètè wá ẹni tó máa bá a tú u. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní làkúrègbé lásán ni, ó gbé àgbo wá. Bàbá fúnra rẹ̀ rántí pé ó ti ṣe òun bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún náà, ó sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó rán ọmọ sí kẹ́míìsì. Wọ́n di oògùn sí ike kéékèèké fún un: diclofenac, ibuprofen, fítámì pupa kan. Ara tù ú lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ara tù ú, ó ní kí wọ́n tún lọ rà sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹsẹ̀ méjèèjì wú dé orúnkún. Ìrọ̀rí kan di mẹ́ta. Lóru ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, ìjókòó ló sùn, ó ń mí gúlegúle, ojú fèrèsé ló kọjú sí.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìwọ̀n rẹ̀ ti di 79 kílò. Ìfúnpá 158/96. Creatinine, èyí tó máa ń ga bí kíndìnrín bá ń rẹ̀, tó jẹ́ 1.2 mg/dL níjọ́sí ti fò sókè di 2.6. Potassium 5.9, ó ga tó láti da lílù ọkàn rú. Uric acid 11.8 mg/dL. (Láàbù mìíràn á kọ ọ́ ní µmol/L. Ẹ fi 59.5 pín in kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.) Ẹnu ya akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dọ̀ wa lórí uric acid náà. Potassium ló ba ọ̀gá dókítà lẹ́rù. Òun ló sì tọ̀nà: ẹ̀yìn tí wọ́n ti fi ECG wo ọkàn, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú potassium wálẹ̀, ni ẹnikẹ́ni tó ráyè sọ̀rọ̀ uric acid.

Iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé. Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi kó gbogbo oògùn tó wà nílé wá, títí kan èyí tí dókítà kò kọ." Ó padà wá pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan, ó dà á sórí tábìlì. Àwọn ti ọkàn wà nínú páálí wọn, ó tò wọ́n dáadáa. Ike diclofenac wà níbẹ̀. Ẹyọ sáṣẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n ti fi sìsọ́ọ̀sì gé sí wẹ́wẹ́, orúkọ ti bá ọ̀bẹ lọ, lẹ́tà tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ò ju "othiazide" lọ. Mo bi í pé kí leléyìí.

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn o," ni ó wí. "Ó ti ń lò ó kó tó di pé ọkàn ń dùn ún. Ti ọkàn ti wà lọ́tọ̀."

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lọ́kàn tiwọn, àìsàn méjì ni Bàbá ní, oògùn méjì ló sì ń lò, ìkan ò gbọdọ̀ pa ìkejì lára. Amiloride pọ̀ mọ́ hydrochlorothiazide ni wẹ́wẹ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dá a dúró ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun náà kò sì mẹ́nu bà á torí wọn ò bi í nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn ni wọ́n ń bi í.

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú ikùn ènìyàn kan ṣoṣo. Lisinopril, spironolactone àti amiloride: mẹ́ta tó ń dá potassium dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Furosemide àti hydrochlorothiazide: méjì tó ń fa omi jáde, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí kíndìnrín gba uric acid padà dípò kó tọ̀ ọ́ nù. Aspirin kékeré, òun náà ń dí uric acid lọ́nà àbájáde. Lórí gbogbo rẹ̀ ni diclofenac àti ibuprofen wá dé. Irú wọn máa ń fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín, wọ́n ń dá iyọ̀ àti omi dúró, wọ́n sì ń sọ furosemide di ọ̀lẹ. Fún ẹni tó ti ń lo lisinopril àti oògùn ìtọ̀, kíndìnrín kò ní ibi tó máa sá sí mọ́. Àtàǹpàkò kò gbé Bàbá dé wọ́ọ̀dù. Oògùn àtàǹpàkò ló gbé e dé.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa uric acid fúnra rẹ̀, torí ó ti di orúkọ ìbẹ̀rù lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kì í ṣe májèlé. Gbogbo ara ló ń ṣe é lójoojúmọ́. Purine wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, ó wà nínú DNA, ó sì wà nínú ATP tí iṣan fi ń rí agbára. Tí ara bá lò ó tán, ó máa tú u palẹ̀ di hypoxanthine, ìyẹn á di xanthine, xanthine á di uric acid. Enzyme (ohun tó ń yí nǹkan padà nínú ara) kan náà, xanthine oxidase, ló ń ṣe ìgbésẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, bó sì ṣe ń ṣe é ló ń tú irú atẹ́gùn oxygen kan tó ń jagun sílẹ̀, tó ń ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹranko ní enzyme mìíràn, uricase, tó ń sọ uric acid di ohun tó tètè yọ́ nínú omi. Àwa èèyàn ti pàdánù tiwa láti ayébáyé. Ẹyẹ náà kò ní in, ó kàn ń yàgbẹ́ tirẹ̀ ni: ohun funfun tó máa ń wà lórí ìgbẹ́ adìẹ, uric acid ni. Mo sọ ìyẹn fún Bàbá nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń fọ́ ọ nílẹ̀ láti kékeré tí òun ò mọ̀ ọ́n.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tó bá ti kọjá nǹkan bíi 6.8 mg/dL, kì í yọ́ dáadáa mọ́. Ó lè dì sínú oríkèé, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló sì fẹ́ràn jù. Ìrora tó ń ti ibẹ̀ wá ni wọ́n ń pè ní gout.

Ọ̀nà tó gbà kan ọkàn ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ọkàn kò bá lè ti ẹ̀jẹ̀ débi tó yẹ, oxygen á dín kù nínú iṣan ara, ATP á máa fọ́ ju bí ara ṣe ń tún un ṣe lọ, hypoxanthine á pọ̀, xanthine oxidase á sì máa ṣiṣẹ́ àṣekára. Ìyẹn nìkan ti tó láti gbé uric acid sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín náà dín kù, kíndìnrín ló sì ń gbé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta uric acid jáde, ìfun ló ń gbé ìyókù. Oògùn ìtọ̀ tí a kò lè ṣe aláìfún wọn tún ń dí ọ̀nà yẹn sí i. Torí náà, tí mo bá rí uric acid gíga lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, mi ò kọ́kọ́ bi í ohun tó jẹ. Mo ń bi í bó ṣe ń mí.

Ní ọjọ́ kejì ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nídìí ibùsùn. Dókítà ọ̀dọ́ kan fẹ́ kọ allopurinol 300 mg, oògùn tó ń dín uric acid kù, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti kàwé, kò sì ṣàdédé sọ ọ́. Ó ní uric acid tó ju 9.5 lọ ń pa aláìsàn ọkàn, kí a gé e lulẹ̀.

Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ní 2003, Stefan Anker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí uric acid aláìsàn ọkàn bá ṣe ga tó ni ewu ikú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, pàápàá tó bá ti kọjá 565 µmol/L, ìyẹn 9.5 mg/dL. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni àwọn kan ti rí i pé allopurinol ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ọkàn là dáadáa. Ìrètí gbòde. Allopurinol kò wọ́n, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, Gertrude Elion àti George Hitchings tí wọ́n ṣe é wà lára àwọn tó gba Nobel ní 1988. Ta ni kò ní fẹ́ kó tún jẹ́ oògùn ọkàn?

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lọ́nà tó yè kooro, kò ṣẹlẹ̀. Ìwádìí OPT-CHF lo oxypurinol, tí í ṣe ọmọ allopurinol, fún ènìyàn 405 fún ọ̀sẹ̀ 24. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008: ara wọn kò yá ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Wọ́n wá tú ìwé náà wò padà, wọ́n rí i pé ó jọ pé àwọn tí uric acid wọn ga gan-an jàǹfààní. Ó dára, wọ́n ní ká wá irú wọn nìkan. EXACT-HF kó ènìyàn 253 jọ, gbogbo wọn ní uric acid 9.5 sókè, ọkàn wọn ò lágbára, wọ́n fún wọn ní allopurinol tó tó 600 mg lóòjọ́. Ní 2015 ni èsì jáde. Uric acid wálẹ̀, ọkàn kò mọ̀ ọ́n. Ní 2022, ALL-HEART tó gba ènìyàn tó lé ní 5,700 tí iṣan ọkàn wọn dí, tí wọn kò sì ní gout, tún sọ ohun kan náà.

Ọ̀gá dókítà sọ ọ́ ní kúkúrú: "A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá." Ọkàn àti kíndìnrín ni ètè níbí. Mo fi tèmi kún un: allopurinol 300 mg lójijì fún ẹni tí creatinine rẹ̀ wà ní 2.6, nígbà tí oríkèé ń jó lọ́wọ́, lè mú kí ìrora náà gùn sí i, ó sì lè fa irú ìbóra tó ń bọ́ awọ ara, tó ń pa ènìyàn. Oògùn yẹn máa wúlò fún Bàbá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, nítorí gout, kì í ṣe nítorí ọkàn.

Ohun tí a ṣe nìyí. Diclofenac, ibuprofen, amiloride, hydrochlorothiazide: gbogbo wọn lọ. Aspirin náà lọ. Kò sí ẹ̀rí pé iṣan ọkàn rẹ̀ dí, kò ní rọpárọsẹ̀ rí. Ẹ rántí àkọsílẹ̀ Ìdí-Abà. Mi ò mọ ìdí tí aspirin fi máa ń tẹ̀ lé gbogbo ìwé oògùn ọkàn l'Abẹ́òkúta bí ẹni pé òwò ẹ̀bùn ni. Wọ́n dá lisinopril àti spironolactone dúró títí potassium fi wálẹ̀. Furosemide di abẹ́rẹ́ sínú iṣan.

Àtàǹpàkò ńkọ́? A kò lè ní kó máa fara da á, ìrora tún ń gbé ìfúnpá sókè. Colchicine, oògùn ìrora gout, ni ọkàn wa kọ́kọ́ lọ sí, ṣùgbọ́n kíndìnrín tó wà ní ipò yẹn kì í lè lé e jáde, ó lè ba iṣan ara àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Wọ́n wo ẹsẹ̀ náà dáadáa bóyá kòkòrò àrùn ló wọ oríkèé: kò síbà, kò sí egbò, ẹ̀jẹ̀ funfun kò lọ sókè, ó sì ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi prednisolone 30 mg, tí í ṣe steroid, fún un lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹnì kan ní steroid ń dá omi dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń gbé e gorí ìwọ̀n ní àràárọ̀ kó tó jẹun, tí wọ́n sì ń wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń tẹ ẹsẹ̀ yẹn nílẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ò dẹ́kun àtiwálẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi oògùn uric acid kan án. Nígbà tí omi ara rẹ̀ lọ tán, tí creatinine padà sí 1.5, tí hydrochlorothiazide àti aspirin ti kúrò ní ilẹ̀, a tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: uric acid ti 11.8 bọ́ sí 9.4. Ìyàwó rẹ̀ rò pé oúnjẹ wọ́ọ̀dù ló ṣe é. Ọkàn ló ń rí ẹ̀jẹ̀ tì, kíndìnrín sì ń rí i gbà.

Kó tó lọ sílé, wọ́n pààrọ̀ lisinopril sí losartan. Ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lóru ni ìdí àkọ́kọ́, torí lisinopril máa ń fa irú rẹ̀. Èkejì ni pé nínú gbogbo ẹbí losartan, òun nìkan ló gbajúmọ̀ fún jíjẹ́ kí kíndìnrín tọ uric acid nù. Carvedilol ń bá a lọ. Spironolactone padà ní ìdajì, pẹ̀lú ìlérí pé potassium yóò di yíyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n fi dapagliflozin 10 mg kún un. Ìwádìí DAPA-HF ní 2019, pẹ̀lú ènìyàn 4,744, ti fi hàn pé ó ń dín ikú àti ìpadàsí-ilé-ìwòsàn kù fún irú ọkàn báyìí, yálà ènìyàn ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí kò ní. Ó tún ń fa uric acid wálẹ̀ díẹ̀. Owó rẹ̀ ló le. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà l'Ékòó gbà á mọ́ra.

A rò pé a ti parí.

Nígbà tó padà wá sí kílíníìkì, ìwọ̀n ti lọ sókè ní kílò mẹ́ta, ẹsẹ̀ tún ti ń wú. Mo ní kó fi oògùn rẹ̀ hàn mí. Dapagliflozin wà nínú páálí, kò kúrò níbi tí mo fi lé e lọ́wọ́. Ìyá ló dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ le: ó ti mú páálí náà lọ síbi tó fẹ́ ti lọ rà sí i, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ sì bi í pé ìgbà wo ni ọkọ rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó lọ sílé, ó dá a dúró. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di oníṣúgà mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Ẹ ò sọ fún mi pé oògùn ṣúgà ni."

Ohun tó sọ tọ́ sí i láti bi. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé pé wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún oníṣúgà, nígbà tí wọ́n ń lò ó ni wọ́n rí i pé ọkàn jàǹfààní rẹ̀, pé kò lè sọ ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà di oníṣúgà. Mo sọ ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún pẹ̀lú: ìyún ojú ara, àti pé lọ́jọ́ tí Bàbá bá ń gbààwẹ̀, tó ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, kó dá a dúró kó sì pè wá. Láti ìgbà náà, mo ń kọ "ti ọkàn" sí ara páálí rẹ̀ pẹ̀lú bírò, fún gbogbo aláìsàn. Ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, àwọn tí dapagliflozin ti kúrò lẹ́nu wọn nítorí ìbéèrè ẹnu kàńtà.

Ìgbà tó ti ń lò ó déédéé fún oṣù kan ni uric acid di 8.2. Ó ti wálẹ̀, kò tíì wálẹ̀ tó fún ẹni tí oríkèé rẹ̀ ti jó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan. Ìgbà yẹn gan-an ni allopurinol wá tọ́ sí i. 50 mg ni a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ oríkèé ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní 2020 pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti 100 mg tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ bí kíndìnrín bá ti rẹ̀, kí a máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ títí uric acid yóò fi wọ abẹ́ 6. Wọ́n tún ní kí a yẹ apilẹ̀ HLA-B*5801, èyí tó ń mú kí ewu ìbóra yẹn pọ̀, wò lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò yẹn kò sí ní àrọ́wọ́tó wa, nítorí náà ohun tí a ní ni bíbẹ̀rẹ̀ kékeré, àti ìkìlọ̀ pé bí ara bá yún tó sì sú, kí ó dá a dúró kó má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. A kò ronú kan febuxostat, oògùn mìíràn tó ń dín uric acid kù. Ìwádìí CARES ní 2018 rí ikú ọkàn tó pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó ju àwọn tó lo allopurinol lọ. FAST ní 2020 kò rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n FAST kò gba àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ gan-an wọlé.

A fi colchicine 0.5 mg lóòjọ́ bá allopurinol rìn, torí kíndìnrín ti padà. Colchicine náà tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ìsọ̀ kún, kò ráyè. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan oríkèé tún jó. Lọ́tẹ̀ yìí kò rán ọmọ sí kẹ́míìsì. Ó pè mí láti ìsọ̀, mo ń gbọ́ àdá tó ń gé egungun lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, oògùn tẹ́ ẹ fún mi yìí ti tún jí i o, ṣé kí n jù ú nù?" Mo ní kó má jù ú nù o. Bí uric acid bá ń wálẹ̀, èyí tó ti dì sínú oríkèé láti ọjọ́ pípẹ́ máa ń tú, ìtú rẹ̀ ló ń ta á. Ó gba colchicine rẹ̀ padà, allopurinol kò dúró, a gùn ún dé 200 mg. Uric acid di 5.7.

Oúnjẹ ńkọ́? Mo fi í sẹ́yìn mọ̀ọ́mọ̀. Gbàrà tí wọ́n gbọ́ "uric acid" ni ẹbí gba ẹran lọ́wọ́ ẹlẹ́ran. Wọn ò fún un ní ẹ̀wà. Láfún àti ewédú láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀, lójoojúmọ́, fún ẹni tí iṣan itan rẹ̀ ti ń gbẹ. Inú bí i, ó sì tọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú uric acid, ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Oúnjẹ nìkan kì í gbé 11.8 wálẹ̀ dé 6. A ní kó fi ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, fùkù àti ọ̀rọ̀ ọtí bíà sílẹ̀, kó jẹ ẹran ara níwọ̀nba, kó má fi ẹja gbígbẹ oníyọ̀ sínú ọbẹ̀, torí iyọ̀ náà ni ọ̀tá ọkàn. Ẹ̀wà kò ṣe nǹkan. Ohun tí mo lé jáde gan-an ni málíìtì. Ẹ mọ̀ wá: ẹni tó bá wá kí aláìsàn kò ní wá lọ́wọ́ òfìfo, málíìtì ló máa gbé wá, wọ́n sì ń mú un kó mu ún pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ máa ń fọ́ ATP nínú ẹ̀dọ̀, uric acid ni ó ń dà. Ó ń mu ìgò méjì lóòjọ́ nígbà tó wà ní wọ́ọ̀dù.

Fún àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́, mo rò pé ìbéèrè "oògùn wo lẹ ń lò?" kò tó. Ẹ bi wọ́n pé "èwo lẹ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, èwo fún ìrora, èwo ni ẹnikẹ́ni fún yín?" torí lọ́kàn aláìsàn, àpótí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Uric acid tó ga, tí oríkèé kò dun ènìyàn, ẹ má fi allopurinol kàn án. Ẹ wo ọkàn, ẹ wo kíndìnrín, ẹ wo àwọn oògùn ìtọ̀. Tí gout bá wà ní tòótọ́, ẹ tọ́jú gout bíi gout. Àti pé aláìsàn ọkàn tó bá ní ìrora oríkèé lónìí, kí ẹ sọ fún un ohun tó lè lò kó tó jáde níwájú yín, torí ìrora kò ní dúró de kílíníìkì, ilé oògùn sì wà ní gbogbo ìkòríta láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá.

Bàbá ti ń lo páálí káàdì kan báyìí tí mo kọ fún un ní Yorùbá, tó wà nínú àpò rẹ̀: "Ọkàn mi kò lágbára. Ẹ má fún mi ní diclofenac, ibuprofen, piroxicam tàbí oògùn àpòpọ̀. Paracetamol ni." Ìwọ̀n rẹ̀ ń dúró sí 70 kílò. Creatinine 1.4. Owó dapagliflozin ṣì ń fa wàhálà nínú ẹbí. Ọmọ rẹ̀ ti sọ pé bóyá òun ò ní lè san án lẹ́yìn ọdún. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a máa tún uric acid yẹ̀ wò, a máa tún ìwọ̀n furosemide ṣe, allopurinol kò sì ní kúrò nílẹ̀.